Ìmúpadàbọ̀ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí a dà nù (Abidjan)

Ìmúpadàbọ̀ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kí ẹjọ́ tí a dà nù nítorí àṣìṣe nínú ìlànà ìgbẹ́jọ́ lè padà síwájú adájọ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò kan ẹni tí ó jàre: ìwé lè pẹ́ kí ó tó dé, akódà ilé ẹjọ́ lè má fi lé ẹni tí ó yẹ lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó lè mú kí ìsọ̀ tàbí ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò tíì gbọ́ ẹnu rẹ̀ rárá.

Ní Côte d'Ivoire, òfin ìgbẹ́jọ́ ti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1972 fún ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn ní oṣù kan láti pe ẹjọ́ rẹ̀, àfi bí òfin mìíràn bá sọ ọ́ lọ́tọ̀. Inú “àfi” yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Lórí awuyewuye gbígbẹ́sẹ̀lé dúkìá, òfin OHADA ti ọdún 1998, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2023, fúnni ní ọjọ́ 15 péré. Oníṣòwò Adjamé tí ó fọkàn sí oṣù kan ti pẹ́ kí ó tó mọ̀.

OHADA ni àjọ tí ó mú òfin ìṣòwò orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà ṣọ̀kan. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis, Mauritius, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1993. Abidjan ni ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ní rẹ̀, CCJA, fìdí kalẹ̀ sí. Bí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn orílẹ̀-èdè kan bá da ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ òfin OHADA nù, ọ̀dọ̀ CCJA ni olùpẹ̀jọ́ ń lọ. Oṣù méjì ni ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìdájọ́ náà tó o létí, agbẹjọ́rò ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣojú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣàjèjì ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí CCJA bá rí i pé wọ́n ṣi ọjọ́ kà, tàbí pé wọ́n béèrè ohun tí òfin kò béèrè, yóò fagi lé ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í dá ẹjọ́ padà síbi tí ó ti wá. Abala 14 àdéhùn náà ní kí ó gba ẹjọ́ náà mú, kí ó sì dá a fúnra rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kéde pé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà tọ̀nà, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbọ́ ìjà gan-an. Èyí ń dín ìdádúró kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá pàdánù níbẹ̀ kò ní ilé ẹjọ́ mìíràn tí yóò sá lọ.

CCJA náà ní ìlànà tirẹ̀. Bí ìwé kan bá kù, adájọ́ tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fúnni ní àyè láti mú un wá. Ti ọjọ́ tí ó ti kọjá kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́, àtúnyẹ̀wò wà fún ẹni tí ó bá rí òkodoro kan tí ó lè yí ìdájọ́ padà, tí òun àti ilé ẹjọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó ní láti ọjọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́. Ìgbàgbé agbẹjọ́rò kì í ṣe òkodoro tuntun.

Nàìjíríà le jù báyìí lọ níbì kan: nínú ẹjọ́ Olowu àti Abolore (1993), Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí a dà nù nítorí pé olùpẹ̀jọ́ kò mú ìwé àlàyé rẹ̀ wá ti parí pátápátá, ilé ẹjọ́ tí ó dà á nù kò sì lè jí i dìde.

Ewu kan ṣì wà fún ẹni tí ó gbé ẹjọ́ dé Abidjan. Abala 16 àdéhùn OHADA dá ìgbẹ́jọ́ irú rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè dúró, ṣùgbọ́n kò dá ìmúṣẹ ìdájọ́ dúró. Wọ́n lè ti ta ìsọ̀ náà kí àwọn adájọ́ tó ṣí ìwé ẹjọ́ rẹ̀.