Oògùn Inú Ilé àti Ọwọ́ Ọmọ Kékeré

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nínú ilé gbogbo tí ọmọ kékeré bá wà. Oògùn kan náà tí ó mú baba lára dá ní òwúrọ̀ lè di májèlé fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó di alẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra oògùn wọlé ní láti wá ibi tí yóò fi í sí kí ó tó wá ife omi tí yóò fi lò ó.

Ìdí èkíní ni ìwọ̀n ara. Ọmọ ọdún méjì sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 12, nígbà tí àgbàlagbà lè wọn kílò 60. Hóró kan tí àgbà gbé mì dà bí hóró márùn-ún nínú ara ọmọ náà. Ìdí kejì ni pé ọmọ tí ó ń rá, tàbí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, a máa fi ẹnu tọ́ ohun gbogbo wò. Bí hóró bá pupa tí ó sì ń dán, àádùn ni lójú rẹ̀. Pàápàá jùlọ bí ìyá rẹ̀ bá ti ń pe oògùn ní súìtì kí ọmọ baà lè gbà á.

Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún. Irin ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ṣe aboyún ní àǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀, yóò máa bì, yóò sì máa ṣu, ẹ̀jẹ̀ sì lè bá a jáde. Lẹ́yìn èyí ó lè dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá fún wákàtí díẹ̀, kí àìsàn náà tó tún padà dé, kí ó sì pa á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni parasítámọ́ọ̀lù: ọmọ tí ó gbé e mì ní àgbémìjù lè máa ṣeré ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Oògùn tí àwọn dókítà fi ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là a máa ṣiṣẹ́ jùlọ bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 8. Oògùn àtọ̀gbẹ ìyá àgbà, àti àgbo tí a fi ọtí rẹ, lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákú.

Ní ọdún 1967, ní ìlú Windsor ní ilẹ̀ Kánádà, Dókítà Henri Breault, ẹni tí ó ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gbé oògùn mì, ṣe agbátẹrù ìdérí tí a ní láti fi ọwọ́ tẹ̀ kí a tó yí i. Ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n ìdérí kò lè ṣe iṣẹ́ kankan fún hóró tí a kà sínú ọ̀rá, tàbí èyí tí a so mọ́ etí aṣọ.

Kí a má ṣe fi oògùn sí abẹ́ ìrọ̀rí, sí ojú fèrèsé, tàbí sínú àpò tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Àpótí tí ó ní àgádágodo, tí a gbé sí ibi gíga, ni ó yẹ ẹ. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Bí àlejò bá dé, kí a bá a gbé àpò rẹ̀ kọ́ sókè. Kí a sì fi oògùn sílẹ̀ nínú ìgò tí ó bá wá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da epo òyìnbó tàbí oògùn apakòkò sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ ju ìgò lọ.

Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fi ìka sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, kí a má sì ṣe fún un ní epo pupa tàbí iyọ̀ láti mú un bì. Epo òyìnbó tí ó bá ti inú ikùn padà sókè lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, níbẹ̀ ni ó sì ti ń pa ọmọ. Bí ó bá ta sí aṣọ, kí a bọ́ aṣọ náà, kí a sì wẹ ara ọmọ. Bí ọmọ bá dákú, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú kan náà, àní bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kí a sì mú ìgò tàbí hóró tí ó kù lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tí yóò bá jà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Owó àgádágodo kan kò tó nǹkan. Kí baálé rà á ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀.