Kí Ẹ̀rí Owó Yín Má Baà Sọnù Mọ́

Púpọ̀ nínú yín ló rántí ọjọ́ tí a ń pín owó ẹ̀yáwó. Ìyá kan nínú wa, tí wọ́n ń kó èlùbọ́ láti Òkákà lọ sí Bódìjà n'Ìbàdàn, ti fi owó oṣù wọn ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ẹ̀rí owó náà wọ inú àpótí ímeèlì ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó sùn síbẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà mìíràn, nítorí a kì í ṣí àpótí yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí a ka orúkọ, a ní ìyá jẹ gbèsè, a ò sì yá wọn lówó. Lójú gbogbo ènìyàn ni o! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta la rí ẹ̀rí náà. Ẹ̀bi tiwa ni, a sì ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà dà bí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́: bí lẹ́tà bá dé, á wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, á jù ú sínú àpótí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n a lè sọ fún un pé, "Èyí tó bá wá ní orúkọ owó, má jù ú sápótí, fà á lé ọmọ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́." Ọmọ iṣẹ́ náà ni ètò kékeré tí a kọ fún ẹgbẹ́ tiwa nìkan. Á fi ẹ̀dà lẹ́tà pamọ́, á mú orúkọ, iye owó àti ọjọ́, á kọ wọ́n sílẹ̀ fún akápò.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Sendmail, tí Eric Allman ṣe ní Berkeley l'Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1983, ń ṣe é. Postfix, tí Wietse Venema ṣe nígbà tó wà ní IBM, tó jáde ní 1998, ń ṣe é títí dòní, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìlà kan péré la ó kọ sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní aliases:

owo: "|/usr/local/bin/gbowo"

Igi tó dúró ṣánṣán yẹn ló ń sọ pé "fà á lé e lọ́wọ́". Lẹ́yìn náà, a ó pàṣẹ newaliases kí ó lè mọ̀ pé ìwé ti yí padà.

Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀. Bó bá dá 0 padà, iṣẹ́ ti parí. Bó bá dá 75 padà, ó ní ohun tó dí òun lọ́wọ́. Postfix á tọ́jú lẹ́tà náà, á máa tún un gbìyànjú títí di ọjọ́ 5, àfi bí a bá yí i padà. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà mìíràn, ńṣe ni lẹ́tà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ báńkì sára lẹ́tà. Gbájúẹ̀ lè kọ ọ́ pé òun ti san ₦200,000, kó má san kọ́bọ̀. Nítorí náà, ètò wa kò ní kọ owó kankan sí káàdì ọmọ ẹgbẹ́. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò" ni yóò kọ sí i, títí akápò yóò fi rí owó náà nínú ìwé báńkì fúnra rẹ̀. Bákan náà, a kò ní fún ètò náà ní agbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Postfix gan-an kì í gbà bẹ́ẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò, kí ẹ fẹnu sí i. Bí ẹ bá san owó láàárín àkókò yìí, ẹ má dákẹ́ o: ẹ pe akọ̀wé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.