Sọ́jà Inú Páálí àti Bàbá Tó Lọ Bọ́mà

Màámi kọ̀ jálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní bàlúù ogun kò ní í jókòó lórí tábìlì tí àwọn ti ń jẹun. "Àkànní, àbí o ti gbàgbé ni?" Mi ò gbàgbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ni kò ní ohun tó máa rántí, torí wọn ò tíì bí i nígbà náà. Ó di ike aláwọ̀ eérú kan mú, ó ń wo ẹnu ìyá bàbá rẹ̀, ó tún ń wo ẹnu mi.

Páálí kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà pẹ̀lú bàtà àti bisikíìtì. Àwòrán Spitfire ló wà lára rẹ̀, bàlúù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja Ogun Hítílà, ọmọ sì rò pé bí òun bá ti ṣí i báyìí, bàlúù ni òun máa gbé jáde. Ike wẹ́wẹ́ ló bá níbẹ̀, tí wọ́n ṣì so mọ́ igi ike bí èso tó wà lára ẹ̀ka, nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìwé kan tó jẹ́ kìkì àwòrán àti ọfà. Kò sí góòmù, kò sí ọ̀dà. Ó wò ó títí. "Dádì, wọ́n ti rẹ́ Àǹtí jẹ o."

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Ìkòtún, l'Ékòó, fóònù ọmọ ti kú, tèmi náà ti ń kú lọ. Bí iná bá wà, mi ò rò pé à bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé apá ibí yìí ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002 á mọ ohun tí Màámi ń sọ. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ ti ń rọ̀. Iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn sọ́jà ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n ń dún lé ara wọn. Gíláàsì fèrèsé ń já bọ́. Àwa tí ojú wa ti rí ìjọba ológun, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé wọ́n tún ti fẹ́ gba ìjọba. Èèyàn ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Màámi gbé ọmọ aládùúgbò kan pọ̀n, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ní Òkè-Àfà, lójú ọ̀nà tí a máa ń gbà láti Ìkòtún lọ sí Ìsọlọ̀, ewéko ti bo ojú odò kan pátápátá. Ilẹ̀ ni àwọn tó ń sá nínú òkùnkùn pè é. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bọ́ǹbù kò kàn wọ́n rárá. Odò ló gbé wọn lọ. Ibi ìrántí wọn ṣì wà ní Òkè-Àfà.

Mi ò bá Màámi jiyàn. Mo kó páálí náà wọ yàrá, pátákó tí a fi ń lọṣọ ló di tábìlì wa, tọ́ọ̀ṣì kan lórí ìrọ̀rí ló di iná wa. Ohun ìgékànná ni a fi ń gé ike kúrò lára igi rẹ̀, sáńdípépà sì ni a fi ń ha ojú ibi tí a ti gé e.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí nọ́ńbà ara páálí: ìdá kan nínú 72. Kí ló dé tó jẹ́ 72, tí kò jẹ́ 70 tàbí 100 tó rọrùn láti pín? Mo ní kó jẹ́ kí n wá a lọ́la, nígbà tí mo bá rí iná sí fóònù.

Ní 1932 ni James Hay Stevens gbé àwọn bàlúù onígi kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skybirds ni wọ́n pè wọ́n. Ó ní kí íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Íǹṣì 72 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, géńdé tó ga dáadáa ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, nítorí náà géńdé tó bá fẹ́ wọ bàlúù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọmọ mi ò gbà á gbọ́ àfi ìgbà tí a gbé téèpù jáde lọ bá dánfó tó máa ń sùn sí iwájú géètì wa. Ẹsẹ̀ bàtà 15 ni gígùn rẹ̀. A pín in sí 72, íǹṣì méjì àtààbọ̀ ló bọ́ sí. Dánfó tó ń kó odidi ìdílé àti ẹrù wọn láti Ìkòtún lọ sí Cele, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ! Onímọ́tò jókòó síbẹ̀ ó ń wò wá, ó bèèrè bóyá a fẹ́ ra mọ́tò òun ni.

Ogun ló wá sọ nǹkan kékeré yìí di ńlá. Ní 1942, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ké sí àwọn ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n gbẹ́ bàlúù onígi 500,000 fún àwọn, ní ìwọ̀n 72 yìí kan náà, kí sọ́jà lè fi kọ́ bí bàlúù ọ̀tá ṣe máa ń rí lókè, kó má baà yìnbọn lu ti ara wọn. Mo sọ èyí fún Màámi, mo rò pé yóò wú wọn lórí. Wọ́n ní, "O ò rí i? Ọmọdé náà ni wọ́n fi ń ṣe é."

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe páálí tiwa, Airfix, Nicholas Kove ló dá a sílẹ̀ ní 1939, ọmọ ilẹ̀ Húńgárì tó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun ìṣeré rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn ogun ó ń ṣe kóòmù ìyarun. Ní 1949, wọ́n ní kó ṣe katakata Ferguson kékeré tí àwọn tó ń polówó katakata náà lè máa gbé kiri. Títò rẹ̀ gbówó lórí. Kí owó lè wálẹ̀, wọ́n wá ń tà á ní wẹ́wẹ́, kí oníkálukú lọ tò ó nílé. Ọkọ̀ ojú omi Golden Hind tẹ̀lé e ní 1952, inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà á sí ní ṣílè méjì. Spitfire dé ní 1953. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ Àǹtí jẹ, wẹ́wẹ́ gan-an ni ọjà náà.

Ìtàn ti Jàpáànì ló dùn mọ́ mi jù, torí bàbá àti ọmọ ló wà níbẹ̀. Yoshio Tamiya dá sọ́míìlì sílẹ̀ ní ìlú Shizuoka ní 1946, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Iná jó wọn ní 1951. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun ìṣeré onígi ni wọ́n gbájú mọ́, àfi bí ike òkè òkun ṣe tún dé tó gba ọjà mọ́ onígi lọ́wọ́. Ike àkọ́kọ́ tiwọn, ọkọ̀ ogun ojú omi Yamato, jáde ní 1960, kò mérè wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe táńkì Panther ti àwọn ará Jámánì. Wọ́n fẹ́ kó máa rìn, kó tó lè rìn ó gbọ́dọ̀ gba bátìrì méjì sínú. Ìwọ̀n táńkì tí bátìrì méjì wọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí ìdá kan nínú 35. Bí 35 ṣe di ìwọ̀n tí àwọn onítáńkì káàkiri ayé ń tẹ̀ lé nìyẹn. Èmi ti rò pé àwọn onímọ̀ ló jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Bátìrì ni! Shunsaku, ọmọ Yoshio, ló gba iṣẹ́ náà dé ibi tó dé. Òun ló ra Porsche 911 kan tó tú u palẹ̀ kí ó lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Mo sọ ọ́ fún mẹkáníìkì mi, ó ní kí n gbé tèmi náà wá.

Góòmù kò dà wá láàmú. Ọ̀dà ló fi ojú wa rí màbo. Mo lọ ra ọ̀dà mọ́tò díẹ̀ nínú ìgò, mo lú u mọ́ tínà bí mo ṣe máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò, mo kùn ún sí apá bàlúù. Kò pẹ́ tí ojú ike náà fi rọ̀, ó hó bí ẹ̀kọ tí iná pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi sunkún. Ẹ̀bi ẹni tó ta ọ̀dà kọ́, mi ò sọ fún un pé ike ni mo fẹ́ kùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dà olómi tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun ògiri yàrá ni a ń lò, a sì jí búrọ́ọ̀ṣì kan nínú èyí tí ìyàwó mi fi ń tọ́ ojú. Ó ti mọ̀ báyìí.

Níbi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa fi kun ojú awakọ̀ bàlúù náà ni mo ti rántí Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé àwọn Òyìnbó. Ère kéékèèké ló ń gbẹ́: ajẹ́lẹ̀, adájọ́, akọ̀wé, ọlọ́pàá, sọ́jà, títí kan Ọbabìnrin Victoria. Kì í kun gbogbo ara igi. Íǹkì dúdú, íǹkì pupa àti pólíìṣì funfun ti bàtà ló fi ń tọ́ ojú, fìlà àti bàtà. Ìyókù, ó fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ igi. Ìbọn tàbí agboòrùn ọwọ́ ère rẹ̀ a máa ṣe é yọ. Àwọn Òyìnbó ń rà á, wọ́n ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bi í léèrè, Odulate ní òun kò bú ẹnì kankan, bí òun ṣe rí ayé ni òun ṣe gbẹ́ ẹ. Orí ère rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ fún ara lọ gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn baba wa, 72 kò kàn án. Ní Ọ̀wọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Justus Akérédolú ń fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ èèyàn tí kò ju ìka lọ. Ẹni tó bá sọ pé eré Òyìnbó ni mo ń kọ́ ọmọ mi, ẹ bá mi fi èyí dá a lóhùn.

Páálí kejì, ọjà Ìkòtún la ti rí i, láàárín ohun ìṣeré tòkunbọ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ lórí tapólì. Àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ìwọ̀n 35, ẹnì kan ti ṣí i lókè òkun, kò sì tò ó. Èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe bàlúù, nítorí náà mo dán an wò, mo tò wọ́n sórí tábìlì oúnjẹ. Màámi dé, wọ́n dúró lé wa lórí, wọ́n wò wọ́n títí. "Èyí ò jọ bàbá mi."

Mo mọ̀ pé bàbá wọn lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà. Kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, torí Màámi kì í sọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jókòó tì wá, wọ́n sọ nípa kóòtù kan tí bàbá náà máa ń wọ̀ lásìkò ọyẹ́. Nǹkan dúdú kan wà lápá rẹ̀, lórí yẹ́lò, ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Àbàwọ́n ni wọ́n pè é ní kékeré. Ìyá wọn tilẹ̀ ti gbìyànjú rí láti fọ̀ ọ́ kúrò, bàbá sì bínú gidi.

Aláǹtakùn ni. Òun ni àmì Ìpín Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 1943. Nínú àlọ́ àwọn ará Gánà, Aláǹtakùn ló ń ṣe gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí Ìjàpá ń ṣe nínú tiwa. Ìpín 82 tó tẹ̀lé e lọ́dún kan náà lo ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá, ẹni tó ya òṣùká yẹn sí i mọ ohun tó ń ṣe. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà, orí ni wọ́n fi ń ru ọta, oúnjẹ àti ẹni tó fara gbọgbẹ́, bàlúù ló ń ju èyí tó kù sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ibẹ̀ ni ìbọn ti ba Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀ tó wọṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16. Ní oṣù Kẹta 1944 ni wọ́n kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Àwọn ará abúlé fi òun àti ará Sàró kan pamọ́ títí oṣù Kejìlá. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó kú ní 2012. Màámi ní kí n tún apá ibi tí wọ́n ti fi wọ́n pamọ́ sọ. Mo tún un sọ.

Sọ́jà kan nínú páálí náà ti di dúdú báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi dá ọ̀dà rẹ̀ padà, wọ́n ní bàbá àwọn dú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A gba ìbọn ọwọ́ rẹ̀, a fi àpótí tí a fi páálí ṣe lé e lórí, òwú ìránṣọ Màámi ni a ká ṣe òṣùká. Apá rẹ̀ ló kù. Sọ́jà náà kò ga ju íǹṣì méjì lọ, aláǹtakùn tó máa wà lápá rẹ̀ kò lè ju orí pínnì lọ, a ò sì ní ohun tí a máa wò yà á, torí kóòtù ti gbó dànù, ikán sì ti jẹ fọ́tò bàbá tán. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín lọ Bọ́mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lónìí, kí ẹ wo apá aṣọ wọn dáadáa, kí ẹ sì fi fóònù yà á kí ikán tó débẹ̀.