Láti Ilé Ìjọsìn sí Gbọ̀ngàn Orin: Ṣọ́ọ̀ṣì St Luke's ní Lọ́ńdọ̀nù

Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a kọ́ parí ní 1733 ní Old Street, Lọ́ńdọ̀nù, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ rì lábẹ́ rẹ̀. Ní 1959 wọ́n tì í pa, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò. Ó wà láìní òrùlé fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 2003 ni ó di ilé ìdánrawò àti gbọ̀ngàn eré fún ẹgbẹ́ olórin London Symphony Orchestra.

Ìṣòro ibẹ̀ rèé: bí òrùlé bá fẹ́lẹ́, ariwo ọkọ̀ ìta yóò bo ohùn fèrè mọ́lẹ̀, bí ó bá sì nípọn, yóò wọ ògiri àtijọ́ lọ́rùn. Nítorí náà ni a fi ri òpó irin ńláńlá mẹ́rin tí ó yọ ẹ̀ka bí igi mọ́lẹ̀ nínú ilé, kí wọ́n lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ àwọn òkú ni àwọn ayàwòrán ilé máa ń yára fò. Òkú tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni a hú lábẹ́ ilé náà àti ní àgbàlá rẹ̀, tí a sì tún sin sí ibòmíràn. Èmi kò ka èyí sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni wí pé ògiri òfìfo lásán ni wọ́n bá níbẹ̀.