Ẹ Má Ṣe Fi Ọmọ Wé Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìwé Ìtàn Kan

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ọmọ yín bá ń kàwé lọ́wọ́, tí ẹni inú ìwé náà sì ṣàdédé dìde dúró láàárín yàrá, kí ni ẹ ó ṣe? Ohun tí H. G. Parry, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Niu Silandi, fi ṣe ìtàn àròsọ nìyí nínú The Unlikely Escape of Uriah Heep, ìwé àwọn àgbàlagbà tí ó jáde ní ọdún 2019.

Ìlú Wellington ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Rob ni ẹ̀gbọ́n, agbẹjọ́rò sì ni. Charley, àbúrò rẹ̀, jẹ́ olóye ọmọ tí ó wọ yunifásítì Oxford ní ọmọ ọdún 13. Bí Charley bá ka ìwé tí ó wọ̀ ọ́ lára, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ a máa di ẹlẹ́ran ara. Ní òru ọjọ́ kan, ó pe Rob lórí tẹlifóònù pé Uriah Heep ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Alárèékérekè akọ̀wé tí ń ṣe bí onírẹ̀lẹ̀ ni Heep yìí nínú David Copperfield, ìwé tí Charles Dickens parí ní ọdún 1850.

Rob fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ inú a máa bí i. Láti kékeré ni òkìkí Charley ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ni a sì ń pè bí wàhálà bá dé.

Nínú ìwé yìí kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Darcy, ọkùnrin inú ìwé Jane Austen, di márùn-ún. Ojú tí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan fi wò ó ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Ojú tí ìyá fi ń wo ọmọ ni ọmọ fi ń wo ara rẹ̀. Ọmọ tí a ń pè ní olódo lójoojúmọ́ yóò gbà bẹ́ẹ̀. Bí èsì ìdánwò bá dé, tí a sì wí fún ẹ̀gbọ́n pé, “Ṣé o rí àbúrò rẹ?”, a ti fi ìbínú sáàárín ọmọ ìyá. Àbúrò náà kò sì ní jàǹfààní nínú rẹ̀.

Ẹ yin ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ má sì sọ ẹ̀gbọ́n di alágbàtọ́ àbúrò nígbà gbogbo; ọmọ ni òun náà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Olúkúlùkù ọmọ ni ó ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Kí ìyá tètè rí i, kí ó sì sọ ọ́ sí i létí.