Agbára Inú Àpò Ìwé: Àwọn Olùkọ́ Ìdárayá Orí Ìfìwéránṣẹ́ àti Ayédèrú Ìwòsàn ní Bírítéénì àti Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá ń ta ìlera, ohun tí kò sí ẹni tí kò fẹ́ ni ó ń tà. Láàárín ọdún 1890 sí 1940, ọjà yìí gba ọ̀nà tuntun wọ ilé àwọn ènìyàn ní Bírítéénì àti Amẹ́ríkà: ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Oníbàárà kò rí ọlọ́jà, ọlọ́jà kò rí oníbàárà. Owó lọ nínú àpò ìwé kan, ẹ̀kọ́ tàbí oògùn sì bọ̀ nínú òmíràn. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí, àti ìdí tí ó fi ṣòro láti ya olùkọ́ ìdárayá sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú oníṣègùn nígbà tí àwọn méjèèjì ń tọ ọ̀nà kan náà.

Ohun tí ó bí òwò náà

Ohun mẹ́ta ló pàdé. Èkíní ni ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú tí ó lè gbé fọ́tò jáde. Ṣáájú àkókò yìí, ẹnu ni alágbára fi ń ròyìn ara rẹ̀ fún ẹni tí kò sí nítòsí. Fọ́tò wá sọ ara rẹ̀ di ẹ̀rí. Èkejì ni ètò ìfìwéránṣẹ́ tí ó gbòòrò sí i. Bírítéénì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù kéékèèké ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́dún 1883. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará oko lọ́dún 1896, ètò ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n kúrò lóko wá jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì rí i pé apá àwọn ń tín-ín-rín, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lẹ́tà wúlò fún ẹni tí ojú ń tì, nítorí inú ìyẹ̀wù ni a ti ń kà á.

Sandow: láti orí ìtàgé sí ilé ìwòsàn

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ òwò yìí di ńlá ni Eugen Sandow, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Friedrich Wilhelm Müller. Ìlú Königsberg, tí ó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1867. Ó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889 nígbà tí ó borí alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Sampson lórí ìtàgé. Ní 1893, ó gba Amẹ́ríkà kan. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1897, ó sì dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1901, ó ṣètò ìdíje ẹwà ara ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall. Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé tí ó tún jẹ́ dókítà, wà lára àwọn adájọ́.

Àwọn tí kò lè dé Lọ́ńdọ̀nù a máa wọn àyà, apá àti itan wọn, wọn a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọn a sì fi ránṣẹ́. Ìdáhùn tí ó bọ̀ wá jẹ́ ìlànà ìdárayá tí wọ́n ní ó bá ara oníbàárà náà mu. Títí dé ibí, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀: ẹni tí ó bá ń gbé irin díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ yóò lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ní 1907, Sandow ṣí ilé ìwòsàn aláìlóògùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ìdárayá gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn fún oríṣiríṣi àìsàn. Ìdárayá kan náà ni. Ìlérí tí ó so mọ́ ọn ni ó yí padà.

Macfadden àti Atlas

Ní Amẹ́ríkà, Bernarr Macfadden, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 1868, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Physical Culture ní 1899. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ bọ́gbọ́n mu: ó ní kí àwọn ènìyàn máa rìn, kí wọ́n máa gba atẹ́gùn, kí wọ́n má mu tábà. Ṣùgbọ́n ó tako abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní ààwẹ̀ lè wo àìsàn tí kò níye, ó sì kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ láti má fọkàn tán dókítà. Ó gbé gẹ́gẹ́ bí ó ti wàásù. Nígbà tí ibà apọ́njú ṣe é ní 1955, ààwẹ̀ ni ó fi wo ara rẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 87.

Ìdíje tí Macfadden ṣètò ní 1921 àti 1922 ni ó gbé Angelo Siciliano jáde, ọmọ Ítálì tí ó ti kékeré dé Niu Yọ́ọ̀kì, tí ó wá sọ ara rẹ̀ ní Charles Atlas. Ẹ̀kọ́ 12 ni ó ń tà nípasẹ̀ lẹ́tà. Ìlànà rẹ̀ kò nílò irin rárá. Iṣan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa ti iṣan, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti tòsì. Charles Roman, oníṣẹ́ ìpolówó, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1928, òwò náà sì gbèrú.

Ó yẹ kí a wo ìpolówó wọn fínnífínní, nítorí ó fara pẹ́ àlọ́ ní ìgbékalẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò wúwo ju pọ́n-ùn 97 lọ (nǹkan bíi kílò 44) jókòó létí òkun pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀. Géńdé kan ta yanrìn sí i lójú, kò lè ṣe nǹkan kan. Ó délé, ó kọ lẹ́tà sí Atlas. Nígbà tí ó padà sétí òkun, ó fi ẹ̀ṣẹ́ san ẹ̀san, ọmọbìnrin náà sì dì mọ́ ọn. Ìtìjú, ìrànlọ́wọ́, àyípadà, ẹ̀san: oṣù mélòó ni làálàá gbà láàárín? Ìtàn náà kò sọ.

Bob Hoffman, tí ń ta irin gbígbé ní ìlú York, Pennsylvania, fẹjọ́ sùn ní àjọ tí ń bójú tó òwò ní Amẹ́ríkà pé kò sí ẹni tí ó lè ní irú ara bẹ́ẹ̀ láìgbé irin. Àjọ náà kò dá Atlas lẹ́bi. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọlọ́jà ni olùfisùn náà.

Ẹ̀jẹ̀ àkùkọ

Àwọn kan kò dúró sórí iṣan. Albert Abrams, dókítà ní San Francisco, kéde pé òun lè mọ àrùn ẹni tí òun kò rí rí. Kí aláìsàn ṣáà kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, kí ó sì fi ránṣẹ́. Abrams yóò fi bébà náà sínú àpótí oníwáyà tí ó so mọ́ iwájú orí ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le, yóò sì máa fọwọ́ lu ikùn onítọ̀hún láti gbọ́ ohùn àrùn. Dókítà kan ní Michigan fi ẹ̀jẹ̀ àkùkọ tí kò ṣàìsàn ránṣẹ́. Èsì tí ó padà wá ni pé ẹlẹ́jẹ̀ náà ní ibà, jẹjẹrẹ àti àtọ̀gbẹ. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn Scientific American gbé kalẹ̀ parí ìwádìí tirẹ̀ ní 1924, wọn kò sì rí òótọ́ kankan nínú iṣẹ́ náà. Abrams ti kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn.

Oògùn tí kò parọ́

Ọ̀rọ̀ Radithor ni ó fi hàn pé òótọ́ nìkan kò tó. William Bailey, tí kì í ṣe dókítà, ni ó ṣe é ní New Jersey. Omi tí wọ́n fi rédíọ́ọ̀mù sí ni, Bailey sì ní ó ń wo àrùn tí ó ju 150 lọ. Eben Byers, ọlọ́rọ̀ ará Pittsburgh tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ gọ́ọ̀fù ní 1906, bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lẹ́yìn tí ó fara pa nínú ọkọ̀ ojú irin ní 1927. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá gágá. Ó mu ìgò tí ó tó 1,400. Lẹ́yìn náà ni egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà: wọ́n gé púpọ̀ nínú egungun àgbọ̀n rẹ̀ kúrò, agbárí rẹ̀ sì ń lu. Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1932. Pósí tí wọ́n fi òjé bo inú rẹ̀ ni wọ́n fi sin ín.

Bí rédíọ́ọ̀mù kò bá sí nínú ìgò wọ̀nyẹn, Byers ìbá yè. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà. Òótọ́ yẹn gan-an ni ó pa á.

Òfin àti àlàfo rẹ̀

Láti ọdún 1872 ni òfin Amẹ́ríkà ti fàyè gba ilé ìfìwéránṣẹ́ láti dá lẹ́tà tí ó ń lọ sọ́dọ̀ oníjìbìtì padà. Òfin oúnjẹ àti oògùn ti 1906 béèrè pé kí ọlọ́jà má parọ́ sára ìgò, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pinnu ní 1911 pé èròjà inú ìgò ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe ìlérí ìwòsàn. Àtúnṣe 1912 fi ìlérí kún un, ṣùgbọ́n ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọlọ́jà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ rẹ́ni jẹ ni. Ta ni ó lè fojú rí inú ọkàn ẹlòmíràn? Òfin 1938 ni ó wá sọ pé kí ẹni tí ó fẹ́ ta oògùn tuntun kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá to àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sí ẹgbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé fọ́tò, ẹ̀rí oníbàárà àti lẹ́tà ni gbogbo wọn fi ṣòwò. Ààlà ìlérí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ní apá yóò yi bí a bá ṣe ìdárayá sọ ohun tí oníbàárà lè fi okùn wọ̀n fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tí ó ní ìdárayá, ààwẹ̀, àpótí tàbí omi kan ń wo gbogbo àrùn ti kúrò níbi tí ara ti lè tètè jẹ́rìí. Sandow àti Macfadden rékọjá ààlà yìí láìyí ọjà wọn padà, ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà wọn kò fi tètè fura.

Àwọn ìwé ìròyìn Èkó láyé ìjọba amúnisìn náà gbé ìpolówó oògùn tí wọ́n kó wá láti Bírítéénì. Lónìí, ọkọ̀ èrò àti fóònù ni ìpolówó ń gbà. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú oògùn bẹ́ẹ̀: gbogbonìṣe. Ọlọ́jà ń fi orúkọ náà yin ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó bá fetí sí i dáadáa. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń ra ìlera bi ọlọ́jà kì í ṣe ohun tí oògùn náà ń wò, bí kò ṣe ohun tí kò lè wò. Ẹni tí kò bá rí èsì fún ìyẹn, kí oníbàárà fi owó rẹ̀ pa mọ́.