"N Kò Ráyè": Àwáwí Wa Lórí Eré Ìdárayá

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ka ìwé yìí tí kò mọ òwe náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Síbẹ̀, bí a bá bi ara wa léèrè pé kí ni à ń ṣe kí ìlera náà má baà sá mọ́ wa lọ́wọ́, kíá ni ẹnu wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Ọ̀kan a ní òun kò ráyè. Èkejì a ní ó rẹ òun. Ẹ̀kẹta a ní oòrùn ti mú jù. Mo mọ àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí dáadáa, nítorí pé èmi gan-an ti rò wọ́n fún ọdún púpọ̀. Ìdí tí mo fi mú kálàmù lónìí ni kí á lè yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú wọn yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ àwáwí lásán.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ tí à ń pe nǹkan náà. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, Yorùbá a ní "ara rẹ̀ kò yá". Bí ó bá gbádùn tán, wọn a ní "ara rẹ̀ ti yá". Inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdárayá ti jáde: ohun tí ó ń dá ara yá. Nítorí náà, eré ìdárayá kì í ṣe ti àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn asáré nìkan. Ìrìn kíákíá, ijó jíjó, okùn fífò, omi pípọn, àtẹ̀gùn gígùn, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá ti lè mú kí èémí wa yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

OHUN TÍ Ó LÀ MÍ LÓJÚ

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti orí àga ilé ìwé ni wọn yóò ti bọ́ sí orí àga ilé, tí wọn yóò máa máàkì ìwé títí di òru. Ìyàwó wọn a máa bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn dé ìparí àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: "N kò ráyè." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ẹni ọdún 48 ni wọ́n nígbà náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò mọ̀ rárá pé àwọn ní ni ó sì fà á.

N kò ní purọ́ fún yín pé àìṣe eré ìdárayá nìkan ni ó dá wọn dúbúlẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbà wá pọ̀: ti ìdílé wà níbẹ̀, iyọ̀ àjẹjù wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó ṣáá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tí agbára wa ká.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo bá wọn lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń kọ́ wọn ní ìrìn. Wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ọmọ ọdún kan. Mo ní, "Bọ̀dá mi, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe èyí pẹ́ tó lójúmọ́?" Wọ́n ní, "Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́." Wọ́n wá wò mí lójú. "Àbúrò mi, àyè tí mo ní n kò rí, ṣé o rí i pé mo ti rí i?" N kò mọ èsì tí n óò fọ̀. Ní àkókò náà, èmi alára kò ranti ọjọ́ tí mo rin ogún ìṣẹ́jú kẹ́yìn. Ọ̀kadà ni ó ń gbé mi láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ẹ̀RÍ AWAKỌ̀ ÀTI KỌ̀ŃDỌ́KÍTỌ̀

Ẹlòmíràn lè béèrè pé ta ni ó rí i pé ìjókòó ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Oníṣègùn kan wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Jerry Morris. Ní ọdún 1953, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n yẹ̀ wò. Awakọ̀ a jókòó sí ìdí ọkọ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, láti gba owó ọkọ̀. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà sàn ju àwọn akọ̀wé tí ó jókòó ti tábìlì lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn ni ó ti ti èyí lẹ́yìn láti ìgbà náà wá. Ẹ kíyè sí i pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò wọ ṣòkòtò péńpé, kò sì lọ sí pápá ìṣeré. Àtẹ̀gùn ni ó ń gùn.

Bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Iṣan ni ọkàn í ṣe. Iṣan tí a bá sì ń lò a máa lágbára, èyí tí a pa tì a máa rọ. Bí ọkàn bá lágbára, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo a pọ̀ sí i, kò sì ní máa sáré jù nígbà tí a bá sinmi. Àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a túbọ̀ rọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì lọ geerege láìfi agbára jù. Bákan náà, iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń gba ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ nímọ̀ràn pé kí ó máa rìn.

Ẹ wá jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ tí à ń rò.

"N KÒ RÁYÈ"

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2020. Wọ́n ní kí àgbàlagbà lo 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, tàbí 75 ìṣẹ́jú fún èyí tí ó le, bí eré sísá. Wọ́n tún ní kí ó fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣe èyí tí ń mú iṣan le. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, èyí tí ó mọ níwọ̀n nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ìṣẹ́jú 10,080 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. 150 nínú rẹ̀ kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ni, kì í sì í ṣe dandan kí á ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ tí ó wà nínú ẹjọ́ yìí ni pé àyè kì í dá wá. Ẹni tí ó bá ń dúró de àyè òfìfo yóò dúró títí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so ìrìn mi mọ́ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀: mo fi ọ̀kadà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹsẹ̀ fi ń gbé mi dé kíláàsì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ń gbé mi padà. Ní ọjọ́ márùn-ún, 150 ti pé.

"Ó RẸ̀ MÍ"

Àárẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè láti àárọ̀ nílò ìsinmi, kò nílò eré ìdárayá kankan. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi wákàtí mẹ́fà ka ìwé, orí rẹ̀ ni ó rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. Ohun tí yóò tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára ni pé kí ó dìde. Mo bá ara mi ṣe àdéhùn kan: bí ó bá ń rẹ̀ mí, n óò rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ó bá ṣì ń rẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, n óò padà sílé láìbínú sí ara mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì padà. Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ kan kò bá lọ lẹ́yìn oorun àti oúnjẹ gidi, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Àìsàn lè wà nídìí rẹ̀.

"N KÒ LÓWÓ, N KÒ NÍ OHUN ÈLÒ"

Bí a bá gúnyán sínú ewé, tí a sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Ẹni tí ó bá ní okùn lè fò ó. Ẹni tí kò ní okùn lè fi ọwọ́ ti ògiri, kí ó máa sún mọ́ ọn, kí ó sì máa ti ara rẹ̀ padà. Àtẹ̀gùn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi, garawa méjì tí ẹ ń gbé gun àjà kẹta ti wà nínú ti iṣan mímúle. Ẹni tí ó bá sì rò pé ijó kì í ṣe iṣẹ́, kí ó jó bàtá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó wá sọ fún wa.

"OÒRÙN MÚ, ÒJÒ Ń RỌ̀"

Òótọ́ ni, ilẹ̀ wa gbóná, oòrùn ọ̀sán kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ń sáré. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kùtù wà, ìrọ̀lẹ́ wà, omi mímu sì wà. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, yàrá tí a lè ti jó náà wà.

"OJÚ Ń TÌ MÍ"

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan tí ó mọ̀ mí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Àbí owó tán ni?" Mo ní, "Owó kù díẹ̀, ẹsẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ó tán." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá rí mi, a juwọ́ sí mi. Ẹlẹ́yà kì í pẹ́ kí ó tó sú ẹni tí ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yàtọ̀ sí èyí. Obìnrin kan nínú kíláàsì wa sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin lè jáde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àwa ńkọ́?" N kò lè pe èyí ní àwáwí, nítorí pé ewu wà lóòótọ́. Ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ wá sí i ni pé àwọn mẹ́rin pa pọ̀, wọ́n sì ń jáde nígbà tí ojú ti mọ́ dáadáa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí ó bá ń ṣe ọ̀kan nínú wọn bí ẹni pé kí ó sùn sí i, àwọn mẹ́ta tí ó kù a kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"N KÒ SANRA", "MO TI DÀGBÀ"

Ẹ̀gbọ́n mi kò sanra. Ara títínrín kò ní kí ẹ̀jẹ̀ má ru. Ní ti ọjọ́ orí, ìlànà tí mo mẹ́nu bà lókè kò yọ àgbà sílẹ̀. Kódà, ó fi kún tiwọn ni: kí ẹni ọdún 65 sókè máa fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe èyí tí yóò mú ẹsẹ̀ wọn dúró ṣinṣin, kí wọ́n má baà máa ṣubú. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá yín, pàápàá bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kúkúrú. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ni pé kò sí èyí tí kò ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àyè há lóòótọ́, oòrùn mú lóòótọ́. Ohun tí ó ya ìdí sọ́tọ̀ sí àwáwí ni ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí a sọ ọ́ tán. Ẹni tí ó ní ìdí a máa béèrè pé, "Báwo ni kí n ṣe é, bí ó ti rí yìí?" Ẹni tí ń ṣe àwáwí a ti padà sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn báyìí, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àti ìyàwó wọn jọ máa ń rìn dé ìparí àdúgbò, ibi tí wọn kò ráyè dé nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń bá wọn lọ. Ó máa ń pẹ́ kí á tó dé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹsẹ̀ yín ṣì pé, ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ má dúró de ìgbà tí àìsàn yóò wá fún yín ní àyè.

Ara gbogbo wa yóò yá o.